Kẹ̀kẹ́ Ológeere Ni, Kì í Ṣe Kẹ̀kẹ́ Oníjìgìjìgì

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń jẹ wá lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, a ò sì ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ ọ́. Àwọn èèyàn ń kó kẹ̀kẹ́ irin àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Raleigh tí bàbá àgbà gùn lọ sóko, Phoenix tí tíṣà gùn lọ síléèwé, ibi tí wọ́n ti ń wọn páànù jíjẹrà àti ìkòkò fífọ́ ni wọ́n ń gbé wọn lọ. Tẹ́ ẹ bá béèrè pé kí ló ṣe kẹ̀kẹ́ náà, èsì kan ṣoṣo lẹ máa gbọ́: "Ó ti gbó. Ó ń gbọn èèyàn bí ẹni tí ibà ń ṣe. Irin àtijọ́ ni, kò ṣeé gùn mọ́."

Àwa tá à ń kọ èyí sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Irin kọ́ ló ń gbọn yín. Táyà tó ti gbẹ, afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, gíríìsì tó ti di ẹrẹ̀, sípókù tó ti dẹ̀ àti ìjókòó tó wà nílẹ̀ jù ló ń gbọn yín. Gbogbo wọn ló ṣeé tún ṣe, owó tí ẹ ó ná sí i kò sì ní tó owó kẹ̀kẹ́ tuntun. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ìgbà wo là ń sọ ọ̀rọ̀ yìí? Ìgbà tí owó ọkọ̀ ń gun òkè lójoojúmọ́ ni. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Lítà epo kan tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sí bó ṣe wà mọ́ láti ìgbà náà. Àwa tá à ń gbé níta ọgbà ló mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. A mọ ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn wá sí kíláàsì aago mẹ́jọ nítorí pé owó kẹ̀kẹ́ Márúwá ti di owó oúnjẹ. Nínú irú àsìkò bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tó ṣì lè sáré fún ogún ọdún sí i là ń gbé sórí ìwọ̀n onírin. Ọ̀rọ̀ yìí kọjá fàájì.

Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ

Èdè Yorùbá là ń kà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ. Kí ni Yorùbá pe ohun tá à ń sọ yìí? Kẹ̀kẹ́ ológeere. Ẹ fi etí sí ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Geere! Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ohun tó ń lọ láìsí ìdíwọ́, tó ń yọ̀ lọ bí omi lójú àgbàrá. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ wo bó ṣe ń rìn, kò wo ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bẹ́ẹ̀, irin ni gbogbo ara ẹ̀ nígbà náà: irin ni fíréèmù, irin ni rímù, irin ni ọwọ́ tí à ń dì mú. Tó bá jẹ́ pé irin ló ń mú kẹ̀kẹ́ gbọn èèyàn, kẹ̀kẹ́ oníjìgìjìgì là bá máa pè é lónìí.

Ẹ lè ní orúkọ kì í ṣe ẹ̀rí. Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ẹ̀rí wà.

Afẹ́fẹ́ ló sọ kẹ̀kẹ́ di ológeere

Ní nǹkan bí ọdún 1860 sí 1870, kẹ̀kẹ́ tó lòde ní ilẹ̀ Faransé àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n fi irin dè létí, bíi ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún un ní ìnagijẹ kan tí a lè túmọ̀ sí "agbọneegun". Ní 1885, John Kemp Starley gbé kẹ̀kẹ́ Rover jáde ní ìlú Coventry: ẹsẹ̀ iwájú àti tẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, ṣéènì ló sì ń yí tẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ tá a mọ̀ dòní ti ṣẹ̀. Síbẹ̀, rọ́bà líle gbagidi tí kò ní afẹ́fẹ́ nínú ni wọ́n fi yí rímù ẹ̀ ká, ó ṣì ń lu ìdí èèyàn.

Ọdún 1888 ni John Boyd Dunlop, dókítà ẹran kan tó ń gbé ní Belfast, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí táyà tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọ rẹ̀ ń gùn ló kọ́kọ́ ṣe é sí. Ọmọ Scotland kan, Robert Thomson, ti ronú kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní 1845, àmọ́ kẹ̀kẹ́ tí yóò lò ó kò tíì sí lóde. Ní ti Dunlop, kẹ̀kẹ́ ti wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Kò pẹ́ kò jìnnà, rọ́bà líle kógbá wọlé.

Ìbéèrè wa nìyí o: kí ló yí padà? Irin ni fíréèmù kẹ̀kẹ́ kí Dunlop tó dé, irin náà ni lẹ́yìn tó dé. Ìrísí kan náà, ṣéènì kan náà. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wọ inú rọ́bà ló sọ agbọneegun di ológeere. Ẹni tó bá wá ń bú irin lónìí nítorí pé kẹ̀kẹ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ẹlòmíì ló jẹ gbèsè, onígbọ̀wọ́ ló ń dì mú.

"Àlúmíníọ̀mù ló rọ ara"

Àwọn kan á ní: "Ayé ti kúrò níbẹ̀. Àlúmíníọ̀mù ni kẹ̀kẹ́ òde òní, òun ló rọ ara." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọ̀rẹ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ bi wọ́n wò. Tá a bá mú ọ̀pá irin àti ọ̀pá àlúmíníọ̀mù tí wọ́n sanra bákan náà, irin le ju àlúmíníọ̀mù lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta. Gigapascal 200 ni wọ́n ń kọ sí ti irin, nǹkan bí 70 sì ni ti àlúmíníọ̀mù. Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Àlúmíníọ̀mù kì í fara da kó máa tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀. Tó bá pẹ́, á sán. Nítorí náà, àwọn tó ń fi ṣe kẹ̀kẹ́ máa ń mú kí ọ̀pá ẹ̀ sanra gan-an kó má baà tẹ̀ rárá. Ẹ wo kẹ̀kẹ́ àlúmíníọ̀mù tẹ́ ẹ bá rí lójú ọ̀nà, ọ̀pá ẹ̀ á tó ọrùn ọwọ́ ọmọdé. Ẹ wá wo Raleigh bàbá àgbà, ọ̀pá ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Nínú méjèèjì, èyí tẹ́ ẹ ń pè ní aláìrọra gan-an ló sábà máa ń tẹ̀ díẹ̀ fún ẹni tó gùn ún.

A ò torí ìyẹn sọ irin di òrìṣà. Àwọn kan wà lókè òkun tí wọ́n gbà pé irin olówó gọbọi bíi Reynolds 531, tó jáde ní 1935, ní ẹ̀mí kan nínú tí irin lásán kò ní. Àsọdùn nìyẹn náà. Irin tó dára àti irin lásán, líle wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà. Èyí tó dára ní agbára jù, ìyẹn ni wọ́n fi lè mú ara ọ̀pá ẹ̀ fẹ́lẹ́ tí kẹ̀kẹ́ á sì fúyẹ́. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé fíréèmù kẹ̀kẹ́ jẹ́ onígun mẹ́ta méjì tí wọ́n so pọ̀, onígun mẹ́ta kì í sì í rì. Táyà tó ga ní mìlímítà 38 lè rì ní mìlímítà 5 tàbí 6 tẹ́ ẹ bá jókòó lé e. Ó ṣòro kí fíréèmù irin tàbí ti àlúmíníọ̀mù rì tó mìlímítà kan. Èwo nínú wọn ló wá ń gba ìyà kòtò fún yín?

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ yin ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ìrísí tó fún un ni kẹ́ ẹ yìn. Fọ́ọ̀kì iwájú tẹ̀ síwájú dáadáa. Láti àárín ẹsẹ̀ iwájú dé àárín ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ju mítà kan lọ. Ẹni tó gùn ún jókòó ṣánṣán, kò dọ̀bálẹ̀ lé ọwọ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ga ní ínǹṣì 28, táyà ẹ̀ sì fẹ̀ ní ínǹṣì kan ààbọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà tí kò ní ọ̀dà nìyẹn. Ẹ wo ọ̀nà tó lọ sí họ́stẹ́ẹ̀lì yín, kẹ́ ẹ sọ fún wa bóyá ìgbà ẹ̀ ti kọjá.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe kẹ́ ẹ tó ta á

Ẹnu dùn-ún ròfọ́, agada ọwọ́ ṣeé bẹ́ gẹdú. A ò ní pariwo lásán. Ohun tí à ń sọ pé kẹ́ ẹ ṣe nìyí, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú èrè tí ẹ ó rí.

Èkíní, táyà. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Tó bá ti sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀, ó ti kú, kò lè rọ̀ mọ́. Ẹ ra tuntun. Táyà 28 × 1½ ṣì ń jáde láti Íńdíà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà: "28" nìkan kò tó. Ìwọ̀n rímù Raleigh ńlá jẹ́ mìlímítà 635, ti kẹ̀kẹ́ eré ìje òde òní tí wọ́n ń pè ní 700C jẹ́ 622, wọn kò sì lè wọ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni 26 × 1⅜ ti Raleigh kékeré jẹ́ 590, tí ti kẹ̀kẹ́ orí òkè sì jẹ́ 559. Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára táyà àtijọ́ kẹ́ ẹ tó lọ sọ́jà, kí ọlọ́jà má baà fi yín ṣe ìfà jẹ.

Èkejì, afẹ́fẹ́. Ibí yìí gan-an ni ìjà wa wà. Àṣà kan ti wọ̀ wá lára pé táyà tó le bí òkúta ló dára. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ dé ọ̀dọ̀ fọ́kánáísà, ó fi ẹ̀rọ tó ń kun táyà ọkọ̀ kì í títí ó fi ń dún kin-kin, ẹ̀yin náà fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹ ní "Ó ti jinná." Ó jinná lóòótọ́, ìdí yín ni yóò jẹ ẹ́. Táyà tó le jù kò lè gbé òkúta kéékèèké mì, ńṣe ló ń fò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, agbára tó yẹ kó gbé yín síwájú ló sì ń fi fò sókè.

Kì í ṣe àwa la ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ ọ́. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún pé táyà tó fẹ̀ ní mìlímítà 23, tó le bí igi, ló yá jù. Lónìí, 28 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ti dín afẹ́fẹ́ ẹ̀ kù. Frank Berto, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn táyà, fi òṣùwọ̀n kan lélẹ̀: kí táyà rì ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún gíga ẹ̀ tí èèyàn bá jókòó lé e. Jan Heine gbé ọ̀rọ̀ náà káàkiri lẹ́yìn ẹ̀. Fún táyà mìlímítà 38, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà mẹ́fà. Ẹ mú rúlà, ẹ wọn gíga láti ilẹ̀ dé etí rímù, kí ọ̀rẹ́ yín dì yín mú kẹ́ ẹ jókòó, kó tún un wọ̀n. Ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 70 lè bẹ̀rẹ̀ láti 40 psi níwájú àti 55 lẹ́yìn, kó máa dín in tàbí kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Tẹ̀yìn gbọ́dọ̀ ju tiwájú lọ, nítorí ibẹ̀ ni ìwọ̀n yín pọ̀ sí. Ẹ má sì kọjá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà. Tó bá wá rọ̀ débi pé rímù ń kan ilẹ̀ nínú kòtò, ẹ fi kún un. Túùbù á bẹ́ tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹta, sípókù. Kẹ̀kẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ sábà ní sípókù 32 níwájú, 40 lẹ́yìn. Ẹ fi ìka ta ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta okùn gìtá. Àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ dún fẹ́rẹ̀ẹ́ bákan náà. Àwa tí ètí wa mọ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, iṣẹ́ yìí ò yẹ kó le fún wa! Èyí tó bá dún pò-pò ti dẹ̀, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n kó fún un. Ẹsẹ̀ tí sípókù ẹ̀ kò bára mu á máa jó bí ẹni mu ọtí, kò sí táyà tó lè tún ìyẹn ṣe.

Ẹ̀kẹrin, bọ́ọ̀lù kéékèèké tó wà nínú hóòbù, nídìí pẹ́dààlì àti lọ́rùn fọ́ọ̀kì. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè, ẹ yí i. Tó bá ń dún gíràgírà tàbí tó tètè dúró, gíríìsì inú ẹ̀ ti di ẹrẹ̀. Ẹ tú u lórí aṣọ funfun kí bọ́ọ̀lù kankan má baà sọnù, ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi gíríìsì tuntun sí i. Bọ́ọ̀lù tó bá ti ní ojú ọgbẹ́, ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń dè é padà, kó má fún jù, kó má dẹ̀ jù: kó máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìmì sí ẹ̀gbẹ́. Fún ọrùn fọ́ọ̀kì, ẹ di bíréèkì iwájú mú kẹ́ ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwá sẹ́yìn. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ "kò-kò", ọrùn ti dẹ̀. Ìró yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ nínú kòtò tí wọ́n ń ní "kẹ̀kẹ́ ti gbó."

Ẹ̀karùn-ún, ìjókòó. Kẹ́ ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ pẹ́dààlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, kí ẹsẹ̀ yín nà tán. Ibi tó yẹ kí ìjókòó ga dé nìyẹn. Ẹni tí ìjókòó ẹ̀ bá wà nílẹ̀ jù, gbogbo ìwọ̀n ara ẹ̀ ló ń fi jókòó, kò sí ẹsẹ̀ tó ń ràn án lọ́wọ́. Orúnkún á máa dun òun náà. Tí kẹ̀kẹ́ yín bá ní ìjókòó aláwọ tó ní sípíríìnì lábẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fóòmù olówó pọ́ọ́kú gbà á lọ́wọ́ yín. Ilé iṣẹ́ Brooks tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Birmingham ní 1866 ṣì ń ta irú ẹ̀ fún àwọn olówó títí dòní.

Ẹ̀kẹfà, ṣéènì àti jíà. Ẹ nu ṣéènì, ẹ kán ọ́ìlì sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ nu èyí tó bá ṣẹ́kù kúrò. Tí òkè bá pọ̀ lọ́nà yín, fíríwíìlì ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ká sọ pé eyín iwájú jẹ́ 48, tẹ̀yìn jẹ́ 18: ìyípo pẹ́dààlì kan á gbé yín lọ ní nǹkan bíi mítà mẹ́fà. Ó pọ̀ jù fún òkè. Tẹ̀yìn bá di 22, á gbé yín lọ ní nǹkan bíi mítà márùn-ún, ẹsẹ̀ yín á sì mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹ lè ní láti fi oríkèé kan tàbí méjì kún ṣéènì.

Àwọn tó ń takò wá

"Ó wúwo jù." A gbà. Kẹ̀kẹ́ irin ńlá tó ní mọ́gáàdù, káríà àti sítáàńdì lè tó kìlógíráàmù 20. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Ẹni tó wúwo tó kìlógíráàmù 65 gun kẹ̀kẹ́ 20, àpapọ̀ wọn jẹ́ 85. Ó tà á, ó ra ti kìlógíráàmù 14, àpapọ̀ wọn di 79. Ohun tó rà yìí dín ẹrù ẹ̀ kù ní nǹkan bí ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tó bá ń gun òkè. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní mọ̀ ọ́n. Táyà gbígbẹ àti bọ́ọ̀lù tí kò ní gíríìsì ń jẹ nínú agbára ẹ̀ lórí òkè àti ilẹ̀ títẹ́jú bákan náà.

"Kí ló dé tí a ò kúkú ra èyí tó ní ṣọ́ọ̀kì níwájú?" Nítorí ṣọ́ọ̀kì olówó pọ́ọ́kú jẹ́ ẹrù lórí ẹrù. Ó wúwo, ó ń mì lẹ́gẹlẹ̀gẹ nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá tẹ pẹ́dààlì, rọ́bà inú ẹ̀ á gbó, kò sì sí ẹni tó máa rí ìgbà tún un ṣe lójú pópó. Táyà tó fẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún òkúta wẹ́wẹ́ tí à ń bá pàdé, túùbù ẹ̀ sì ṣeé lẹ̀ níbikíbi.

"Bíréèkì ẹ̀ kì í mú nínú òjò." Òótọ́ pọ́nńbélé nìyí, a ò ní bò ó mọ́lẹ̀. Rímù onírin dídán máa ń yọ̀ tó bá tutù. Ẹni tó bá ń gùn ún lójò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ bíréèkì tipẹ́ kó tó dé ibi tó fẹ́ dúró, kó má sì sáré ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà bíréèkì tó ti gan, ẹ wo ọ̀pá tó ń fà á bóyá ó tẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀nà yín jẹ́ òkè àti ìsàlẹ̀ níbi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, ẹ má gùn ún lọ́jọ́ òjò. Bí a ṣe ń sọ èyí kò yí ọ̀rọ̀ wa padà: kẹ̀kẹ́ tó ní àléébù kan tí a mọ̀ sàn ju èyí tí a ò mọ ibi tó ti máa já wa kulẹ̀.

"Àbùkù ni." Ẹ̀hẹ́n! A ti mọ̀ pé ibí yìí lọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò bínú sí kẹ̀kẹ́ náà nítorí pé ó ń gbọ̀n. Ẹ ń bínú sí i nítorí pé wọ́n á ní ẹ jọ bàbá oko. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ ìwé àpilẹ̀kọ lórí ẹwà àṣà wa, tẹ́ ẹ ń wọ aṣọ òkè lọ́jọ́ àsè ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ojú ń tì yín láti gun ohun tí bàbá yín fi ra ìwé fún yín. Irú àṣà wo lẹ wá ń gbé lárugẹ? Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kìlómítà mẹ́ta nínú oòrùn kí wọ́n má baà pè é ní ará oko, ta ló ń yà lẹ́nu?

"Kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú kẹ̀kẹ́?" Ó kàn wá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi, ẹ kí wọn, ẹ jókòó. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ohun tó wà lọ́wọ́ wọn: èyí tí wọ́n yá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì tún ẹnu ṣe, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣàpèjúwe ìró tí kò dára. Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n ń kọ́ wa. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ tó kẹ́yìn bá wọ ilé ayọ́rin, bàbá náà á palẹ̀ mọ́, àwọn ọ̀rọ̀ náà á sì bá wọn wọlé. À ń sunkún pé èdè ń kú. Èyí tó ń kú lójú wa, a ò bẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí à ń béèrè

Ohun mẹ́ta péré ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ wo ẹ̀yìnkùlé bàbá yín. Tí kẹ̀kẹ́ irin kan bá wà níbẹ̀ tí fíréèmù ẹ̀ kò sán, tí ìpẹtà ò sì tíì lu ọ̀pá ẹ̀, ẹ má tà á. Ẹ fún àbúrò tó wà nílé ẹ̀kọ́. Ẹ bá a ra táyà méjì sí i.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa, nínú owó tẹ́ ẹ ń gbà lọ́wọ́ wa lọ́dọọdún, ẹ ra páńpù kan tó ní òṣùwọ̀n psi, sípánà tó dára, àti agolo gíríìsì kan. Ẹ gbé wọn síbi tí gbogbo wa lè dé. Ẹ pe bàbá atúnkẹ̀kẹ́ṣe kan wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí wọ́n kọ́ wa, kẹ́ ẹ sì san owó wọn fún wọn. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀ wá pẹ̀lú ìwé àti gègé.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, ẹ fún kẹ̀kẹ́ yín ní Sátidé kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí afẹ́fẹ́, nítorí kò gba yín ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Tẹ́ ẹ bá ṣe gbogbo ohun tá a kọ sókè yìí tó ṣì ń gbọ̀n yín, ẹ kọ̀wé sí wa, àwa fúnra wa la máa wá wò ó. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó pe onírin, ẹ dákun, ẹ kọ́kọ́ pe onípáńpù.